Sáfò méjì lórí sitiárìn ọkọ̀ rìmóòtù: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa ará Ìkòròdú

Kí ni sáfò, kí ló ń ṣe lára ọkọ̀ rìmóòtù?

Sáfò ni àpótí kékeré tó wà níwájú ọkọ̀, tó ń fi apá rẹ̀ fa ọ̀pá sitiárìn sọ́tùn-ún sósì. Mọ́tò kékeré kan, jíà mélòó kan àti pátákó ẹ̀rọ tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀. Wáyà mẹ́ta ló jáde lára rẹ̀: pupa ni pọ́sítífù, dúdú tàbí búráwùn ni nẹ́gẹ́tífù, funfun tàbí yẹ́lò ló ń gbé àṣẹ wá láti ara rìsífà, ìyẹn àpótí inú ọkọ̀ tó ń gba àṣẹ rìmóòtù.

Nǹkan bí ìgbà 50 ni rìsífà ń fi àṣẹ ránṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àṣẹ náà bá gùn ní 1500 µs (µs kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá), apá sáfò á dúró láàárín. Bó bá ń lọ sí 1000, apá á yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá ń lọ sí 2000, á yà sí èkejì. Ibi tí wàhálà sáfò méjì ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: àṣẹ kan náà ni àwọn méjèèjì gbọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀kan pè ní àárín lè má jẹ́ ibi tí èkejì pè ní àárín.

Kí ló dé tí àwọn ọkọ̀ kan fi ní méjì?

Nítorí táyà ńlá. Ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ tóbi tó sì wúwo máa ń gbà kí agbára pọ̀ kó tó lè yí orí padà lójú kan, pàápàá nínú yanrìn tàbí ẹrẹ̀. Nígbà tí sáfò alágbára ṣì wọ́n, ohun tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà ṣe ni pé kí méjì fa sitiárìn kan. Bẹ́ẹ̀ ni E-Maxx àti Revo ti Traxxas ṣe wá láti ilé iṣẹ́.

Ayé ti yí. E-Revo tó jáde ní 2018, sáfò kan ṣoṣo tó lágbára ni wọ́n fi sí i.

Ṣé ọkọ̀ tèmi nílò méjì?

Bí ṣásì rẹ bá ti ní ààyè méjì láti ilẹ̀, lo méjì. Bí ààyè kan ló bá ní, tó o wá ń wá bí wàá ṣe gé pákó tàbí irin láti fi ìkejì síbẹ̀, èrò tèmi ni pé kó o dáwọ́ dúró. Sáfò kan tó jẹ́ ojúlówó 25 tàbí 35 kg-cm á ṣe iṣẹ́ náà, wàhálà rẹ̀ ò sì ní tó ìdajì.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ pé “sitiárìn mi ò lágbára”, iná ni kò tó sáfò wọn. Kó o tó náwó, ka ìbéèrè nípa BEC, ẹ̀yà tó ń fún sáfò níná, nísàlẹ̀.

Ṣé méjì á jẹ́ kí táyà tètè yí?

Rárá. Agbára ló ń pọ̀, eré kò pọ̀. Sáfò tó ń rin ìwọ̀n 60° láàárín 0.16 ìṣẹ́jú àáyá, bẹ́ẹ̀ náà ló máa rìn tí wọ́n bá di méjì. Ìyàtọ̀ tí wàá rí ni pé kò ní máa fà tìkọ̀ nígbà tí táyà bá wà nílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, nítorí ẹrù náà ti pín sí méjì.

Kí ni ìtumọ̀ 20 kg tàbí 25 kg tí wọ́n kọ sára sáfò?

Bí wọ́n bá kọ 25 kg-cm, ó túmọ̀ sí pé tí apá rẹ̀ bá gùn ní 1 cm, ìwọ̀n kíló 25 ló máa dá a dúró pátápátá. Bí apá bá gùn tó 2 cm, ó ti di kíló 12.5 nìyẹn. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kàn lọ ra apá gígùn torí pé ó dára lójú. Kí o sì wo fóòtì tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n: ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti fóòtì tó ga jù tí sáfò náà lè gbà. Bó o bá fún un ní 5V, kò lè fún ọ ní tinú ìwé.

Irú èwo ni kí n rà?

Méjì tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà: orúkọ kan, nọ́ńbà kan, ọjọ́ kan náà ni kó o rà wọ́n bó bá ṣeé ṣe. Jíà irin ni kó jẹ́, kì í ṣe rọ́bà. Kí ó ní ìdí rọ́bà tó ń dènà omi.

Àwọn tó ń ta ẹ̀yà róbọ́ọ̀tì ní Ìkẹjà àti Alábà máa ń ní MG996R rẹpẹtẹ. Ó pọ́ọ̀kú, ṣùgbọ́n nǹkan bí 11 kg-cm péré ni ní 6V, omi sì lè wọ inú rẹ̀. Fún ọkọ̀ kékeré tí ọmọdé ń sá kiri pálọ̀, ó dáa. Fún ọkọ̀ ńlá lójú ọ̀nà amọ̀ pupa tiwa yìí, má dà á láàmú. DS3218 àti DS3225 sàn jù ú lọ, owó wọn náà kò sì le jù.

Nígbà tó o bá ń ra DS wọ̀nyí, béèrè bóyá 180° ni tàbí 270°. Orúkọ kan náà, àpótí kan náà, ojú ò lè fi ìyàtọ̀ hàn. Àmọ́ fún àṣẹ kan náà, èyí tó jẹ́ 270° á yí ju èkejì lọ. Bó o bá so 180° pọ̀ mọ́ 270°, ó ṣòro gan-an láti tò wọ́n kí wọ́n má bàa jà, ìyẹn kí ọ̀kan máa fa sitiárìn lòdì sí èkejì. Dán wọn wò lórí káńtà kó o tó sanwó. Láti Alábà padà sí Ìkòròdú nítorí sáfò kan, ẹni tó ti jókòó nínú gósílóò Máìlì 12 rí ló mọ̀ ọ́n.

Ṣé mo lè lo ògbólógbòó kan pẹ̀lú tuntun kan?

Má ṣe é. Jíà ògbólógbòó ti jẹ, àárín rẹ̀ ti ń ṣí, tuntun lá máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Apá sáfò tí mo rà kò wọlé. Ṣé kí n fi hámà gbá a?

Ó ti o! Ka eyín orí sáfò. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni eyín 25. Hitec máa ń lo 24, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ 23. Apá eyín 25 ò lè wọ 24, bó sì wọlé pẹ̀lú tipátipá, á yọ̀ lọ́jọ́ tí táyà bá kọlu òkúta. Apá irin ni kó o rà, kó jẹ́ irú èyí tó ní sikúrù ní ẹ̀gbẹ́ tó ń fún un mọ́ orí sáfò.

Báwo ni mo ṣe máa so wáyà sáfò méjì mọ́ rìsífà kan?

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni wáyà Y: ẹnu kan wọ rìsífà níbi tí wọ́n kọ CH1 tàbí ST sí, ẹnu méjì tó kù gba sáfò méjèèjì. Ó rọrùn, owó rẹ̀ kéré. Ìkejì ni kí sáfò kọ̀ọ̀kan ní ẹnu tirẹ̀ lára rìsífà, kó o wá lọ sínú rìmóòtù láti sọ pé kí ẹnu kejì máa tẹ̀ lé CH1. Èyí ń béèrè rìmóòtù tó ní ètò ìdàpọ̀, ṣùgbọ́n wàá lè ṣàtúnṣe àárín àti òpin sáfò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí rìmóòtù rẹ bá lè ṣe é, ọ̀nà kejì ni mo fara mọ́, àyàfi tí rìsífà rẹ bá ní jáírò, ẹ̀yà tó ń tún sitiárìn ṣe fúnra rẹ̀ kí ọkọ̀ má bàa yà. Ọ̀rọ̀ jáírò ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Tí mo bá ti yí sitiárìn, ọkọ̀ á kú fún ìṣẹ́jú àáyá kan, á tún jí. Ṣé rìmóòtù ló bàjẹ́?

Kì í ṣe rìmóòtù. Iná ló já wálẹ̀. Nínú ESC, ìyẹn àpótí tó ń darí mọ́tò ńlá, ẹ̀yà kan wà tí wọ́n ń pè ní BEC. Òun ló ń rọ iná bátìrì sílẹ̀ sí 6V tàbí 7.4V fún rìsífà àti sáfò. Ọ̀pọ̀ ESC pọ́ọ̀kú, 2A tàbí 3A (A ni ámpíà, ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) ni BEC inú wọn lè fúnni. Sáfò ńlá kan tí wọ́n dí lọ́nà lè fa tó 3A sí 5A lóun nìkan. So méjì, kí táyà méjèèjì há sínú pótópótó, kó o wá yí sitiárìn dé òpin: BEC ò lè gbé e, iná á já wálẹ̀ sí ibi tí rìsífà ò ti lè ṣiṣẹ́ mọ́, á kú, á tún tan. Bó bá jẹ́ orí eré ló ti ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ ti wọ gọ́tà kó o tó mọ ohun tó ń lọ.

Ojútùú rẹ̀ ni BEC àdáni, tó dá dúró, 10A ó kéré tán. Ẹnu kan lára rẹ̀ á gba iná tààrà láti orí bátìrì, ẹnu kejì á gbé iná tó ti rọ̀ lọ fún sáfò. Kó o tó so ó, wo fóòtì tí sáfò rẹ lè gbà. Àwọn kan ò fẹ́ ju 6V tàbí 6.8V lọ, àwọn mìíràn ń gba 7.4V títí dé 8.4V. Fi mítà wọn ohun tó ń jáde lẹ́nu BEC kí sáfò tó fẹnu kàn án. Àwọn BEC kan ní bọ́tìnì kékeré fún fóòtì, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí ẹni tó tà á fún ọ fi sílẹ̀ sí.

Bí mo bá ti so BEC àdáni, kí ni kí n ṣe sí wáyà ESC tó wọ rìsífà?

Yọ wáyà pupa rẹ̀, wáyà pupa nìkan. Fi ìdí abẹ́rẹ́ gbé ahọ́n rọ́bà kékeré tó wà lẹ́nu púlọ́ọ̀gì náà sókè díẹ̀, irin orí wáyà pupa á yọ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Fi téèpù wé e kó má bàa kan ohunkóhun. Bí wáyà pupa méjì bá wà níbẹ̀, BEC méjì ló ń bá ara wọn du iná, ọ̀kan lè jó. Dúdú àti funfun gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bó o bá yọ dúdú, àṣẹ ò ní dé ọ̀dọ̀ ESC dáadáa, ọkọ̀ lè máa ṣe ségesège.

Àtúnṣe kan tún wà tí mo fẹ́ràn: má jẹ́ kí iná sáfò gba inú rìsífà kọjá rárá. So pupa àti dúdú sáfò méjèèjì mọ́ BEC tààrà pẹ̀lú wáyà tó nípọn, kí funfun nìkan lọ sí rìsífà, kí dúdú kan ṣoṣo sì so rìsífà pọ̀ mọ́ wọn. Irin tín-ín-rín inú rìsífà àti wáyà Y ọjà kò lágbára fún irú iná bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan ní kí n ra kapasítọ̀ dípò BEC. Ṣé òótọ́ ni?

Àbúrò, kapasítọ̀ 4700 µF, ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́, á bá ọ gbé ìjá-wálẹ̀ tó kúrú, bí ìgbà tí táyà fò lu òkúta lẹ́ẹ̀kan. Bí sáfò bá ń fa iná fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, kapasítọ̀ á ti gbẹ. Lò ó pẹ̀lú BEC, má lò ó dípò rẹ̀. Ó ní pọ́sítífù àti nẹ́gẹ́tífù. Bó o bá gbé e sódì, ó lè bú.

Báwo ni mo ṣe máa tò wọ́n kí wọ́n má bàa jà?

Yọ ọ̀pá méjèèjì kúrò lára apá sáfò. Yọ apá náà pẹ̀lú. Tan rìmóòtù, gbé tíríìmù (ohun tó ń sún àárín sáfò díẹ̀díẹ̀) sí òdo, tan ọkọ̀. Sáfò méjèèjì á sáré lọ sí àárín, wọ́n á dúró. Ìgbà yìí ni wàá tó fi apá padà, kí apá méjèèjì gùn bákan náà, ihò kan náà, kí wọ́n sì dúró ní igun kan náà.

Wàá rí i pé apá ọ̀kan ò fẹ́ dúró gbọnrangandan. Eyín 25 ló ń fà á: ìṣísẹ̀ eyín kan tó 14.4°, nítorí náà o ò lè rí ibi tó pé gan-an fún àwọn méjèèjì. Mú eyín tó súnmọ́ jù, kó o wá fi tíríìmù inú rìmóòtù parí rẹ̀ bó bá jẹ́ ẹnu méjì lo lò. Bó bá jẹ́ wáyà Y, gígùn ọ̀pá ni wàá fi ṣàtúnṣe rẹ̀, ó sì ní ibi tí ìyẹn lè dé.

Lẹ́yìn náà, so ọ̀pá sáfò kìíní nìkan. Tún un ṣe títí táyà á fi dúró gbọnrangandan. Wá gbé ọ̀pá sáfò kejì, má tíì fi sikúrù dè é. Mú ẹnu rẹ̀ wá sórí ihò apá sáfò. Bí ihò méjèèjì bá kojú ara wọn, tí sikúrù fi ìka nìkan wọlé láìjẹ́ pé o ti ohunkóhun, ó pé. Bó o bá ní láti fà á, kódà bó jẹ́ ìwọ̀n ìbú èékánná, yí ẹnu ọ̀pá náà síwá tàbí sẹ́yìn kó o tún dán an wò. Yí sitiárìn dé òpin ọ̀tún, dán an wò. Dé òpin òsì, dán an wò. Ibi mẹ́ta ni sikúrù gbọ́dọ̀ ti wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àwọn tó ń kánjú máa ń wo àárín nìkan. Sáfò méjì tí kò dọ́gba dà bí ẹni méjì tó gbé pákó kan, tí ọ̀kan dojú kọ Sábó tí èkejì dojú kọ Èbúté: agbára wà, àmọ́ ara wọn ni wọ́n ń ná an lé lórí.

Ó ń dún ṣááá tí mi ò tíì fọwọ́ kan rìmóòtù. Ṣé ó burú?

Sáfò díjítà máa ń dún díẹ̀ bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Bí ìró náà bá dákẹ́ nígbà tó o gbé táyà kúrò nílẹ̀, fi í sílẹ̀. Bí kò bá dákẹ́, yọ ọ̀pá ọ̀kan. Bó dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, wọ́n ń jà.

Fọwọ́ kàn wọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí wọ́n lọ́ wọ́ọ́rọ́ bákan náà. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì tutù, ẹrù ò pín dọ́gba. Ẹni tó bá ní mítà tó ń ka ámpíà, kó fi sáàárín BEC àti sáfò: iná tí wọ́n ń fà láìyí sitiárìn kò gbọdọ̀ pọ̀ lọ́nà tó hàn gbangba ju ti ọ̀kan lọ́nà méjì.

Ọ̀kan ń lọ sọ́tùn-ún, èkejì ń lọ sósì. Kí ni mo ṣe?

Wọ́n kojú síra wọn lórí ṣásì ni. Sáfò tó kọjú sókè àti èyí tó kọjú sílẹ̀ ń yí ní òdìkejì ara wọn fún àṣẹ kan náà. Pa ọkọ̀ náà kíákíá kí jíà má bàa fọ́.

Bó o bá lo ẹnu méjì, yí ìkejì padà nínú rìmóòtù. Bó bá jẹ́ wáyà Y, ra Y tó ní ẹ̀rọ ìyípadà lára, tàbí sáfò díjítà tí wọ́n lè yí ìtọ́sọ́nà rẹ̀ padà pẹ̀lú káàdì ètò. Àwọn kan máa ń ṣí sáfò, wọ́n á pààrọ̀ wáyà mọ́tò àti wáyà méjì ẹ̀gbẹ́ ti rẹsísítọ̀ tó ń ka àyè. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfò àtijọ́, ṣùgbọ́n rọ́bà ìdènà omi kì í sábà jókòó dáadáa mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Àárín dára, àmọ́ ní òpin wọ́n ń jà. Mo ti yẹ gígùn ọ̀pá wò.

Wo igun apá. Bí apá kan bá tẹ̀ síwájú díẹ̀ nígbà tí èkejì dúró gbọnrangandan, ọ̀nà tí wọ́n ń fà kò ní dọ́gba bí wọ́n bá ti kúrò ní àárín, bí ọ̀pá tilẹ̀ pé. Tíríìmù púpọ̀ náà ń fà á: ó ń jí lára ìrìn ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fi kún èkejì. Gbé apá náà kúrò, sún un ní eyín kan, dín tíríìmù kù, lẹ́yìn náà tún òpin sáfò kejì ṣe nínú rìmóòtù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Òpin náà fúnra rẹ̀, ìyẹn ibi tí rìmóòtù ní kí sáfò yí dé, má fi sí 100 torí pé 100 ló wà níbẹ̀. Dín in kù títí sáfò á fi dúró kété tí táyà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ibi tí kò lè kọjá mọ́.

Jáírò wà nínú rìsífà mi. Èwo ni kí n lò?

Wáyà Y. Jáírò inú ọ̀pọ̀ rìsífà, CH1 nìkan ló ń ṣàtúnṣe fún. Bí sáfò kejì bá wà ní ẹnu mìíràn, ìdàpọ̀ inú rìmóòtù á sọ fún un pé kó lọ tààrà, jáírò á sì ní kí ti àkọ́kọ́ yà díẹ̀. Lórí eré, wọ́n á máa jà láìjẹ́ pé o rí i, torí tó o bá gbé ọkọ̀ sórí tábìlì, ohun gbogbo á pé.

Ṣé bákan náà ni pẹ̀lú ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn náà ń yí?

Rárá. Níbẹ̀, sáfò kan wà níwájú, ọ̀kan wà lẹ́yìn, kò sí irin tó so wọ́n pọ̀, wọn ò sì lè jà. Ọ̀rọ̀ iná nìkan ló bá a mu.

Mo sáré etí ọ̀sà ní Èbúté. Báwo ni kí n ṣe tọ́jú wọn?

Omi ọ̀sà máa ń níyọ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí iyọ̀ tó gbẹ mọ́ ọn, fi omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ ṣàn án, gbọn ọ́n, gbé e síbi afẹ́fẹ́, kì í ṣe inú oòrùn tó mú. Tú apá sáfò kúrò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nu yanrìn tó há sí ìdí rẹ̀, fi gíríìsì díẹ̀ kùn ún. Yanrìn ìdí yẹn ló ń jẹ rọ́bà títí omi á fi rí ọ̀nà wọlé.

Ọ̀kan kú nígbà tí mo wà lórí pápá. Ṣé mo lè fi èyí tó kù parí?

Yọ ọ̀pá èyí tó kú kúrò lára apá rẹ̀ ná, kó o sì fa wáyà rẹ̀ jáde. Bó o bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tó ń ṣiṣẹ́ á máa fa jíà òkú náà kiri, ó sì lè bá a lọ. Rọra lọ, má yí sitiárìn nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Bó o bá délé, tí jíà ló fọ́, ra jíà nìkan bó bá wà lọ́jà. Bó bá jẹ́ pátákó inú rẹ̀ ló jó, méjì ni kó o rà, kó o fi èyí tó kù nílẹ̀ de ọkọ̀ mìíràn.